Orúkọ Aláìsàn Tí Mo Dá Nílé Àdúrà

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣì wà, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò tán, tí kò sì sẹ́ni tó gbà pé ìbò tí wọ́n kà ni ìbò tí a dì. Òjò ń parí lọ, kòkó ti pọ́n lórí igi. Mo mọ àkókò náà dáadáa nítorí pé ọmọ mi obìnrin, Fọlákẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín kẹrin ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó la ìgbà náà kọjá ti sọ tiwọn fún àwọn ọmọ wọn: bí wọ́n ṣe jí àpótí ìbò gbé, bí wọ́n ṣe ń da epo bẹntiróòlù sórí ilé, bí olóṣèlú ṣe sá gba inú oko kòkó lọ. Tèmi kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ìjà lórí ìwé kan ni, ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí ni mo ń kọ ọ́ fún, ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé a jà nígbà náà, a sì ṣẹ́gun. A jà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Ilé ìtọ́jú kékeré kan ni a ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Ore lọ sí Odigbo. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí àwọn ọmọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi ṣì wà níbẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Káńsù ló ni ilé náà. Yàrá mẹ́ta ló ní: yàrá iwájú tí a ti ń gba àlejò, yàrá ìgbẹ̀bí, àti yàrá ẹ̀yìn tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wa ni nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sístà, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo. Agbẹ̀bí méjì ló tẹ̀lé e. Èmi ni mo kéré jù. Mo ti jáde ìwé girama, ṣùgbọ́n n kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ni Sístà ti ń kọ́ mi bí a ṣe ń fọ egbò àti bí a ṣe ń dì í.

Nítorí pé ìkọ̀wé mi mọ́, èmi ni mo ń kọ ìwé aláìsàn: ọjọ́ tó dé, orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé, ohun tó ń ṣe é, oògùn tí a fún un. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, Sístà sọ fún mi pé ohun méjì ni òun kò ní gbà lórí ìwé náà. N kò gbọdọ̀ kọ irọ́ sínú rẹ̀. N kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá wa tọ́jú aláìsàn, ìbáà ṣe ọkọ mi. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo rò pé mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìbò, ọ̀sán gangan, lọ́rì agẹdú kan dúró níwájú wa. Wọ́n gbé ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìtì igi, wọ́n fi aṣọ dì í nítan, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà já. Akínṣọlá lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó láti Araromi-Obu, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun ni aṣojú ẹgbẹ́ alátakò níbi tí wọ́n ti dìbò ní àdúgbò wọn. Ó rí ọwọ́ tó ń ti ìwé ìbò bọ inú àpótí kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tó ni ọwọ́ náà lójú gbogbo ayé. Àdá ni wọ́n fi dá a lóhùn ní apá, wọ́n sì yìnbọn ṣakabùlà lù ú nítan nígbà tó ń sá lọ. Ọta mẹ́sàn-án ni Sístà yọ. Èmi ni mo di àwo mú.

Bó ti ń fọ ọwọ́, ó sọ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ni yóò máa gbà láàárọ̀ àti lálẹ́, a ó sì máa fọ egbò náà lójoojúmọ́. Bí a bá fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́, yóò kẹ̀, bó bá sì kẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo mú kálàmù.

Mo bi í pé, “Sístà, ṣé kí n fi orúkọ mìíràn kọ ọ́?”

“Orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ. Bí o bá fi orúkọ ẹlòmíràn kọ ọ́, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́la lè gún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀.”

“Bí wọ́n bá wá wò ó ńkọ́?”

“Wọn kò ní wò ó.”

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ dé. Ìyé ni a ń pè é, bí àwa ará ibí ṣe ń pe ìyá. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Àwọn tó bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Bí mo ti ń fọ egbò, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ kó má baà máa wo ohun tí mò ń ṣe. Ó ní Ọmọ́tádé lorúkọ òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pe òun mọ́ àyàfi àwọn ẹbí bàbá òun, nítorí pé Ìyé Akin ni gbogbo ayé mọ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Mo pè é sí i lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé káńsù wá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tí kò sí iṣẹ́ kankan tí a mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí Sístà gbé ìwé aláìsàn jáde.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?”

“Mo fẹ́ mọ àwọn tó gbọgbẹ́ lọ́jọ́ ìbò. Àwọn ọ̀daràn ni ọlọ́pàá ń wá.”

“Kí adájọ́ kọ̀wé sí mi, sà, mo máa dá a lóhùn.”

“Sístà, ìwé káńsù ni. Káńsù ló rà á.”

“Ìwé ni káńsù rà, sà. Kò ra ara àwọn tí a kọ sínú rẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Sístà ti kúrò ní nọ́ọ̀sì, ó ti di lọ́yà. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó fún wa títí di Ọjọ́ Ajé: ìwé náà, tàbí kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba lẹ́tà ìdádúró.

Nígbà tí wọ́n lọ, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ̀bí ní kí a da iṣẹ́ sílẹ̀, kí a ti ilẹ̀kùn, kí káńsù rí i bó ṣe máa rí. Sístà bi í pé ta ni yóò fọ egbò. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé a kò ní dá iṣẹ́ sílẹ̀, a kò sì ní fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Sístà ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Láti Ọjọ́ Ẹtì, a gbé tábìlì sí ìta gbàgede, a ti ilẹ̀kùn iwájú ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ara wa, a wọ aṣọ funfun wa, a jókòó dí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ la sì ti ń tọ́jú àwọn tó bá wá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló ń wọlé lásìkò abẹ́rẹ́. Ará ìta kò mọ̀ pé aláìsàn kankan ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n rò pé gbogbo àwọn tó gbọgbẹ́ ti lọ sílé.

Àwọn aboyún gbọ́. Wọ́n wá láti Odigbo àti àwọn oko àyíká, wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ wa, wọ́n kó ọmọ wọn dání. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú méjì náà tún yọjú, obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, tó fẹ̀yìn ti òpó, wo èyí tó síwájú láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ìrọbí ti mú yín ni? Ẹ tò sẹ́yìn o. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àní Sístà pẹ̀lú. Wọ́n lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé a ti borí.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo ń lọ sílé, Fọlákẹ́ wà lẹ́yìn mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ bá mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá mi rìn bí ọ̀rẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi ìka gbá àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i.

“Ìyá Fọlákẹ́, ọmọ yín mà dára o. Ẹ máa ṣọ́ ọ.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi, tó ń wa lọ́rì agẹdú, wà ní Sapele lọ́sẹ̀ náà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi odó tì í lẹ́yìn, n kò gbé ọmọ náà sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá ti bímọ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ mi bá pẹ́ dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn ni mo máa ń rí.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ilé àdúrà wa. Ìjọ Aládùúrà ni wá. Ìyá àgbà kan ló ń darí wa, Màmá Àdúrà, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ yóò jáde kúnlẹ̀, Màmá yóò béèrè orúkọ ẹni tí a fẹ́ gbàdúrà fún, orúkọ ìyá rẹ̀, ibi tó wà, àti ohun tó ń ṣe é, gbogbo ìjọ yóò sì ké orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó máa ń sọ fún wa pé àdúrà tí kò lórúkọ, lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì ni. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ọmọ mi, mo dárúkọ ara mi. Wọ́n ké e. Mo ti ń dìde nígbà tí ojú tì mí. Ọkùnrin kan wà ní ìdùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mo gún un ní abẹ́rẹ́, èmi sì wá gbàdúrà fún ọmọ tèmi nìkan. Mo padà kúnlẹ̀.

“Ó ku ẹnì kan, Màmá.”

“Orúkọ rẹ̀?”

“Akínṣọlá.”

“Orúkọ ìyá rẹ̀?”

“Ọmọ́tádé.”

“Níbo ló wà?”

“Yàrá ẹ̀yìn, níbi iṣẹ́ wa.”

“Kí ló ń ṣe é?”

“Ọgbẹ́ ìbọn ni.”

Gbogbo ìjọ ké e lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Akínṣọlá, ọmọ Ọmọ́tádé. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn wọra.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló wà nínú ìjọ wa, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó gbé e jáde. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní èrò ibi. Ìyàwó lè sọ ọ́ fún ọkọ nídìí oúnjẹ, bí ìròyìn àánú. Ẹyin lohùn, nígbà tó bá balẹ̀, a kì í tún béèrè ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, akọ̀wé káńsù dé sí iwájú wa. Ó bá Sístà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, láìbínú, ó ń béèrè bí oògùn ṣe kù sí, ó ń béèrè nípa òrùlé tó ń jò. Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn aboyún ń kọrin lé e lórí. Àárín orin náà ni a ti gbọ́ igbe Ìyé láti inú ilé.

Gbogbo wa yí sí ilẹ̀kùn tí àwa fúnra wa tì. Sístà ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀, ó tún un mú. Nígbà tí a wọlé, fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀dì kẹta ṣófo, Ìyé wà nílẹ̀. Ọ̀nà inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbà, wọ́n ti tẹ ẹ̀gẹ́ wó dé títì.

Ó ní wọ́n kan fèrèsé jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, “Akínṣọlá ọmọ Ọmọ́tádé, àwa la wá gbé ọ lọ síbi tí wọn kò ti ní rí ọ.” Ó ní nígbà tí òun gbọ́ orúkọ náà, òun mọ̀ pé ẹbí bàbá òun ni wọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ìkọ́ fèrèsé fún wọn.

Akọ̀wé káńsù ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò béèrè ìwé rárá. Àwọn obìnrin tó wà níta, tí wọn kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, rí i tó ń lọ láìgba ìwé, wọ́n bú sí ayọ̀, wọ́n ń jó. Mo dúró nínú yàrá yẹn, mo ń gbọ́ wọn.

Ọjọ́ márùn-ún ni Sístà fi gbé àwo egbò àti abẹ́rẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí a gbọ́ pé wọ́n gbé Akínṣọlá lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún un pé àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí oògùn inú síríńjì yóò fi bàjẹ́, á dà á nù, á padà wálé. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ní kó wá fi ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ tuntun lára rẹ̀. Egbò itan yẹn náà ni, pẹ̀lú aṣọ tí èmi fi dì í lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó tú u. Èmi ni mo tú u, èmi náà ni mo fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Sístà ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí, mo sì kọ ọ́: egbò tó kẹ̀, wọn kò jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sístà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Ó ṣí ìwé náà síwájú mi.

“Ìwé yìí kò jáde. Fi orúkọ ìyá rẹ̀ hàn mí nínú rẹ̀.”

“Kò sí níbẹ̀, mà.”

“Ta ló mọ̀ ọ́n nínú wa?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbá mi létí. Ì bá ṣe é, ì bá dára fún mi.

“Ṣé Ọlọ́run kò mọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta ni, tó o fi ní láti júwe yàrá fún un?”

Ó ní òun kò ní lé mi, ẹni tó bá ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìṣọ́ra ju ẹni tí kò ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ó ní Ìyé ni kí n lọ sọ fún, kì í ṣe òun. Mo ní mo máa lọ, mà.

Kí n tó lọ, Ìyé ló wá. Ó gbé iṣu àti epo pupa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a gbìyànjú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi ni mo ṣe dáadáa jù, òun ni òun ṣí fèrèsé fún àwọn tó pa ọmọ òun. Mo la ẹnu. Fọlákẹ́ ń sunkún lẹ́yìn mi, mo wá ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ fi máa dákẹ́, Ìyé ti ń lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a wò ó. Ohun tí a jèrè: káńsù náà kò tún béèrè ìwé aláìsàn mọ́, kò sì lé ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn tó gba ipò lẹ́yìn wọn kò béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Mo gbọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ibòmíràn fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì kọ̀. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa: ìbò náà kò padà, ilé jó, àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n gbá olè àti olóòótọ́ kúrò lórí àga pọ̀, a sì sin Akínṣọlá. Gbogbo agbára wa la kó sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, èmi sì ni tilé. Kì í ṣe àdúrà ni mo ń bá jà. Mo ṣì ń gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé aláìsàn kò fún mi ní orúkọ rẹ̀ kí n máa gbé e káàkiri, ìbáà ṣe fún àánú.

Ó ku gbèsè tí mo jẹ. Ọdún méjìdínlógún ni n kò fi lọ bá Ìyé. Nígbà tí Fọlákẹ́ gba ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, n kò lè sùn mọ́. Mo wọ ọkọ̀ dé Ore, mo gun alùpùpù lọ sí Araromi-Obu. Ìyé ti di arúgbó, ó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó rú lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó náà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ mi, ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́, Màmá Àdúrà, gbogbo rẹ̀.

Ó dúró.

“Kì í ṣe èmi, nígbà náà?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyé.”

Ó tún fi ẹsẹ̀ da kòkó rú díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi wá sọ ọ́ nísinsìnyí. N kò fẹ́ tún purọ́ fún un. Mo ní ọmọ mi fẹ́ wọ iṣẹ́ náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, n kò fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi lé e bá.

Ìyé wò mí. Kò bínú, ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí.

Ó ní, “Nítorí ọmọ tìrẹ náà lo tún ṣe wá.”